Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ọ̀sán Sátidé kan ni bàbá bírìkìlà tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gúṣì wọlé tọ̀ mí wá. Kò jókòó. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi ti rí yunifásítì wọ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ ni àbí kí n káwọ́ lérí.” Ìmọ̀ ìṣègùn ni ọmọ náà yàn nígbà tó ń ṣe ìdánwò JAMB, ìṣirò ni wọ́n fún un. Ilé-ìwé tó gbà á kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń dárúkọ níbi ìnáwó kí gbogbo ojú yí padà. Kékeré ni, débi pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìṣirò ní ọdún kìíní lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Àwọn aládùúgbò ti ń bi bàbá náà pé ṣé ìṣirò ni ọmọ rẹ̀ yóò máa bù jẹ ni.

Mo ní kó yọ̀. Ìwọ̀nba ohun tí ènìyàn lè sọ lórí ìdúró ni mo sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ jókòó sọ ọ́ tán.

Ẹni tó bá mọ Ìkátẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń fojú lásán gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀sà ń bẹ lápá kan, òkun ń bẹ lápá kejì, irà sì ni ọ̀pọ̀ ibi tí ilé gogoro dúró sí lónìí kí wọ́n tó kó iyanrìn dí i. Kí wọ́n tó gbé ilé alájà púpọ̀ dìde níbí, wọ́n á kọ́kọ́ dá ihò sílẹ̀ láti mọ irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á wá máa ri òpó kọnkéré wọlẹ̀ títí yóò fi débi tó le. Ariwo ẹ̀rọ tó ń gún òpó náà a máa mi àwo lórí pẹpẹ wa. Nígbà tí ilé bá parí, ta ló tún rántí òpó? Gíláàsì iwájú ilé là ń wò, àti géètì, àti iná tó yí omi ìlúwẹ̀ẹ́ ká. Bẹ́ẹ̀, òpó tí ojú kò rí yẹn ló ru gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí wọ́n tó da kọnkéré sí ilẹ̀ yìí rárá: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 kan tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, ní Ìkòyí, wó lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀mí tó bá a lọ ju 40 lọ. Afárá kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti ibẹ̀. Bàbá bírìkìlà kò lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá sọ pé ìṣirò kò wúlò, n kì í lè dákẹ́. Ìwọ̀n ẹrù tí ilé gbé, ìwọ̀n agbára òpó tó gbé e, ìṣirò ló ń ṣe alárinà àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá sì fi owó ra máàkì ẹ̀kọ́ yẹn lọ́wọ́ olùkọ́, kó mọ̀ pé máàkì tó rà kò lè ru búlọ́ọ̀kù kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìpegedé ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Nílùú wa, bí a bá gbọ́ pé ọmọ kan pegedé, ohun àkọ́kọ́ tí à ń bèèrè ni orúkọ ilé-ìwé rẹ̀. A ń wo géètì, a ń wo bí ọgbà ṣe fẹ̀ tó, a ń wo ọkọ̀ àwọn tó wá gbé ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, bí abẹ́rẹ́ sì ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìtàn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ wa, inú ilé-ìwé kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀, inú ilé-ìwé kékeré tí wọ́n tún rẹ́ jẹ pàápàá.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 1934, ìjọba amúnisìn ṣí Yaba Higher College. E.R.J. Hussey, olórí ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ló gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ọ̀pá tó gbé e ró: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ ìṣègùn, àwọn tí yóò di ẹ̀ńjíníà, àwọn tí yóò máa wọn ilẹ̀, àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ ọ̀gbìn, àti àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé girama. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí abẹ́lé ni wọ́n ń fún wọn, kì í ṣe oyè yunifásítì. Ẹni tó lo ọdún gbọọrọ níbẹ̀ láti kọ́ ìṣègùn, olùrànlọ́wọ́ ni yóò máa jẹ́ lábẹ́ òyìnbó. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Ernest Ikoli, Samuel Akisanya, J.C. Vaughan àti H.O. Davies dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí Yaba yìí sì wà lára ohun tó gbé wọn dìde. Wọ́n jàre. Ẹni tó fi òṣùwọ̀n kékeré wọn àgbàdo fún ọ, tó sì ní kí o dúpẹ́, ó rẹ́ ọ jẹ ni.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó wà nínú kíláàsì kò torí pé òṣùwọ̀n kò péye kí wọ́n jẹ́ kí ìmọ̀ àwọn náà má péye. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba Yaba kọjá ni Chike Obi. Ó fúnra rẹ̀ ka ìwé oyè ìṣirò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìjókòó sí kíláàsì wọn, ìyẹn ni pé òun nìkan ni, àti ìwé, àti ìdánwò tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ó ti ibẹ̀ gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lọ sí Pembroke College ní Cambridge. Nígbà tó fi máa di 1950, ó ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò. Àwọn tó gbé Yaba kalẹ̀ ti ka ibi tí ọmọ Yaba lè dé, wọ́n kà á dé ẹ̀fà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Lọ́dún 1948, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yaba lọ sí Ìbàdàn láti fi bẹ̀rẹ̀ University College. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi ṣí i. Ẹ jẹ́ ká tún iye yẹn kà: 104. Ilé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ní Ìkátẹ̀ yìí lè ní ọmọ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò ní ilé. Ọgbà ilé ìwòsàn táwọn ológun ti lò tì ní Ẹléyẹlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé. Kenneth Mellanby, onímọ̀ kòkòrò, ni ọ̀gá àgbà wọn àkọ́kọ́. Àmọ́ oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń kàwé fún, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n sì fi ń wọn ọmọ Ẹléyẹlé àti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Inú ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan láti Wàrí ti ka ìṣirò nígbà tí àwọn obìnrin kò tíì pọ̀ níbẹ̀. Grace Alele ni. Ó lọ ṣe tíṣà ní Queen's School ní Ẹdẹ, ó tẹ̀ síwájú dé Yunifásítì Chicago, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1963, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Lọ́dún 1985, wọ́n fi í jẹ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin, obìnrin kankan kò sì jẹ ẹ́ rí ní yunifásítì kankan nílẹ̀ wa kó tó kàn án. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún bàbá bírìkìlà lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ohun tó di mú nínú rẹ̀ ni pé ó kọ́kọ́ ṣe tíṣà.

Adégòkè Olúbùmmọ̀ náà wà níbẹ̀, ọmọ Orin-Èkìtì, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ lọ́dún 1955, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní Ìbàdàn. Orúkọ rẹ̀ kì í jáde nínú orin olórin. Àwọn tó kọ́ ló kọ́ àwọn tó kọ́ wa.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìṣirò kì í ṣe tiwa, pé òyìnbó ló gbé e dé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nítorí pé ẹnu tí wọ́n fi ń sọ ọ́ náà ń ṣe ìṣirò láìmọ̀. Ẹ wo márùndínláàádọ́ta. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta. Yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀, ó di àádọ́ta. Yọ márùn-ún kúrò, ó di márùndínláàádọ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìsọdipúpọ̀ kan àti ìyọkúrò méjì ló wà nínú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà sì ń pè é geere. Adolphus Mann, ajíhìnrere tó gbé Ìjàyè, kọ̀wé lórí ètò ìkà wa yìí lọ́dún 1887, ó sì ṣàlàyé bí àwọn tó ń ka owó ẹyọ ṣe ń fọwọ́ gbá a jọ ní márùn-ún márùn-ún, títí yóò fi di ogún, títí yóò fi di igba. Àwọn ìyá wa ló ń ka owó yẹn lọ́jà. Bí ọ̀kan bá dín, aláròóbọ̀ á mọ̀. Mélòó la ó kà léyín Adépèlé? À ń kà á, a ò sì gbọdọ̀ ṣì í kà.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan ara mi. Kékeré nìkan kọ́ ni iyì. Mo ti rí ilé-ìwé kékeré tí kékeré rẹ̀ kàn jẹ́ kékeré lásán: yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí kò sí omi nínú ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń ya àwòrán ohun èlò tí wọn kò fọwọ́ kàn rí, olùkọ́ kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ méje nítorí pé ẹlòmíràn kò sí. Mo sì ti rí àwọn òbí tó wá ilé-ìwé tí kò lókìkí nítorí pé wọ́n gbọ́ pé níbẹ̀, èsì ìdánwò ṣeé rà. Irú òbí bẹ́ẹ̀ ń ya ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì ń pè é ní àánú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Láti kíláàsì kẹta girama ni àwọn ọmọ wa ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣípò, ìyẹn ìdáhùn ìdánwò tí wọ́n ń jí tà, kí wọ́n tó wá dé yunifásítì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ mọ́ pé ènìyàn lè jókòó ti ìbéèrè kan fún ọjọ́ mẹ́rin kó sì rí ìdáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ wọn nìyẹn, mo sì kà á sí olè tó burú ju ti owó lọ.

Níbi tí ilé-ìwé kékeré bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́, ohun tó ní tí ńlá kì í sábà ní ni pé kò síbi ìsápamọ́. Nínú gbọ̀ngàn tí akẹ́kọ̀ọ́ 600 kún, ọmọ lè jókòó sẹ́yìn fún ọdún mẹ́rin kí olùkọ́ má mọ ojú rẹ̀. Nínú yàrá tí ọmọ 15 wà, olùkọ́ á ní, “Ìwọ, dìde wá síbi pátákó.” Ìtìjú á kọ́kọ́ bá a. Yóò kọ ìlà kan, wọ́n á bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò lè sọ pé bàbá òun ló sọ ọ́. Kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ẹ̀rí nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n ló mú un wá tàbí ọmọ ọdún kìíní. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ohun tí o bá sọ pé o rí, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè tọ ipasẹ̀ rẹ kó rí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, àmọ́ lójú pátákó ìṣirò, kì í tó wákàtí kan. Mo ka ẹ̀kọ́ yìí sí ẹ̀kọ́ ìwà. Ẹni tó ti mọ́ lára láti má gba ohun tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ara rẹ̀, yóò ṣòro fún un láti fi ọwọ́ sí ìwé pé ilé kan lágbára nígbà tó mọ̀ pé kò lágbára.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ní Dangbo, nítòsí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1988 fún ìṣirò àti físíìsì. Jean-Pierre Ezin ló ṣíwájú rẹ̀. IMSP ni wọ́n ń pè é. Ìlú kékeré ni Dangbo, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà sì ń fa ọmọ wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà. Lápá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, bí a bá tọ títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lọ, a ó bá Pan-Atlantic University ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, tó bẹ̀rẹ̀ láti ara ilé ẹ̀kọ́ òwò tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1991, tó ti wá ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì tirẹ̀ báyìí. Bí a bá tẹ̀ síwájú dé Nófòríjà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, a ó bá ọgbà tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ fún àwọn ọmọ ilé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ ti Ìjànikin lọ́dún 2022 láti di Lagos State University of Education. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi nínú gbogbo wọn, bí a kò tilẹ̀ rí ẹni tó ń fi í yangàn. Olùkọ́ ìṣirò ilé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òpó tó wà nínú iyanrìn. Bí òun kò bá gún, kò sí ohun tí a ó kọ́ lé e lórí tí kò ní fì.

Ọmọ bàbá bírìkìlà lọ. Kò rọrùn fún un. Nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ẹkún ló ń sun. Ó ní, “Ẹ̀kọ́ yìí ò yé mi, sà. Ó dà bíi pé gbogbo ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi.” Mo ní kó máa fún wọn. Ó ní olùkọ́ kan dá iṣẹ́ òun padà lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìlà kan ṣoṣo. Mo bi í pé ṣé olùkọ́ náà ka ìlà ọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé, kó lọ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Díẹ̀díẹ̀ ni ìpè ẹlẹ́kún náà dáwọ́ dúró.

Nígbà tó wálé lópin ọdún, bàbá rẹ̀ ń na okùn fún fẹ́ǹsì kan ní òpópónà wa. Mo dúró wò wọ́n. Ó wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lápá kan, ó wọn mẹ́rin lápá kejì, ó wá fa tépù láti orí èyí dé orí ìyẹn. “Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ márùn-ún,” ó wí fún ọmọ rẹ̀. “Bí kò bá jẹ́ márùn-ún, igun ti wọ́ nìyẹn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi hàn mí.”

Ọmọ náà ní, “Bàámi, ṣé ẹ mọ ìdí tó fi jẹ́ márùn-ún?”

Bàbá náà wò ó. Ó ti fi mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún yẹn na okùn láti ìgbà tí kò tíì ní ìyàwó. Ó ní, “Rárá o.”

Ọmọ náà ya ojú àpò sìmẹ́ńtì kan, ó fi tépù wọn ínǹṣì méje ní òró, méje ní ìbú, ó sì fi pẹ́ńsùlù yí i ká. Ó gé bébà onígun mẹ́ta mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́ta lápá kan, mẹ́rin lápá kejì, ó tò wọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àyè kan ṣẹ́ kù láàárín, igun mẹ́rin ni òun náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ó ní, “Méje lọ́nà méje, Bàámi?” Bàbá ní ọ̀kàndínláàádọ́ta. “Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin?” Ó ní méjìlá. “Ìdajì rẹ̀ ni bébà kan, mẹ́fà. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin?” Ó ní mẹ́rìnlélógún. “Ẹ yọ mẹ́rìnlélógún kúrò nínú ọ̀kàndínláàádọ́ta.” Bàbá bírìkìlà fi àtàǹpàkò kà á lórí ìka rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní márùndínlọ́gbọ̀n. “Àyè àárín yẹn nìyẹn. Nọ́ńbà wo ni a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò jẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n?”

Kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ àyè àárín náà láti orí dé ìdí. “Márùn-ún,” ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé kò lè di mẹ́fà láé?”

“Láé, Bàámi. Bí igun yẹn bá ti gún, kò lè di mẹ́fà níbikíbi láyé.”

Bàbá náà dìde. Ó gba tépù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó rìn kọjá wa lọ sí igun fẹ́ǹsì tó ti nà tán láàárọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.